ÌYÁ MI PADÀ SÍ TÀMÁLÈ LẸ́YÌN ỌDÚN 55: Ohun tójú wa rí lọ́nà Gáná pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ béèrè ilé Ìyá Tàmálè, ọmọ tó ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ á nawọ́ síbẹ̀ fún yín. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ni. Kì í ṣe ọjà kankan ni wọ́n ń tà tí wọ́n fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Tàmálè ni wọ́n bí wọn sí, lápá òkè orílẹ̀-èdè Gáná, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìparí ọdún 1969 tí wọ́n ti kó wọn sínú lọ́rì wá sílé, wọn ò fojú kan ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé ẹbí kan tí wọn ò ní í dárúkọ ilé tí bàbá wọn kọ́ síbẹ̀. "Ilé wa tí Dàgómbá jẹ mọ́ wa lọ́wọ́," bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn ọmọ gba ọlidé ńlá. Ìyá Ìbejì, ìyẹn ìyàwó mi, ní òun fẹ́ káwọn ọmọ rí òkun, ká lọ sí Àgbádárìgì lo ọjọ́ méjì. Màámi tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ gbójú sókè, wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ òkun lẹ ń wá, òkun wà lójú ọ̀nà Gáná láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin." A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Màámi ti pé ọmọ ọdún 64, orúnkún ń dùn wọ́n, èmi náà sì mọ̀ pé bí a ò bá lọ báyìí, a ò lọ mọ́ nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí àwọn ẹbí, ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀gbọ́n Màámi tó ń gbé Ìlọrin pàṣẹ fún mi pé, "Ya fọ́tò ilé yẹn wá, níwájú àti lẹ́yìn. Lọ́yà ni mo máa gbé e fún." Ẹ ò rí i pé ìrìn àjò ìgbafẹ́ ti di ti ẹjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, làwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ sí Gáná. Látìgbà tí ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Góòlù Kóòsì ni. Kí lọ́rì tó pọ̀, ẹsẹ̀ làwọn baba ńlá wa fi ń rìn ín, wọ́n á gba Parakou, wọ́n á gba Djougou, wọ́n á kọjá Sansanné-Mango nílẹ̀ Tógò kí wọ́n tó já sí Yendi, tàwọn ti ẹrù aṣọ lórí. Bí wọ́n bá tà á tán, wọ́n á fowó rẹ̀ ra wórobo, wọ́n á tún jókòó tì í. Àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà àti Ìnísà náà ò gbẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní Gáná lọ́dún 1960, àwọn Yorùbá tí wọ́n kà níbẹ̀ tó 100,000. Wọ́n tiẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀ṣì dání lọ: àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn dáadáa, wà lára àwọn tó fi ìjọ Onítẹ̀bọmi lélẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Dókítà Kofi Busia, tí kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ lórí oyè, pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ ní in láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré fún ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún! Ẹlòmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n lọ́jà, ó wọlẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́, wọ́n tà á lọ́pọ̀. Ẹ rántí pé ogun Biafra ṣì ń jà nílé nígbà náà. Bí bàbá Màámi ṣe kó ìyàwó méjì àtọmọ mẹ́fà sínú lọ́rì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sì ń tẹnu mọ́ títí wọ́n fi kú lọ́dún 1991 ni pé àwọn ò ta ilé tàwọn, àwọn fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síkàáwọ́ ọ̀rẹ́ àwọn kan tó jẹ́ Dàgómbá.

Ó yá, ká máa lọ. Mọ́tò Sienna wa ò burú, mo pààrọ̀ táyà méjì. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Láti ọdún 1979 làwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n kò sọ pé kéèyàn má mú ìwé dání. Ọmọ kékeré náà, ó gbọ́dọ̀ ní páàsìpọ́ọ̀tù tiẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ńkọ́? Ẹ mú un. Mọ́tò náà ní ìwé ìdójútòfò tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Ìyá Ìbejì kó gààrí, kúlíkúlí, búrẹ́dì, omi àti àpò ọ̀rá bíi ogún. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi àpò ọ̀rá ṣe. Ó ní n ó rí i.

Aago márùn-ún ìdájí la kúrò nílé. Kẹ́ ẹ má rò pé mo ń bú ilé mi, nínú gbogbo ọ̀nà tí mo wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, tí kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, kòtò láàárín. Kẹ́hìndé bì kí a tó dé Odò Ọbà. Mo rí iṣẹ́ tí àpò ọ̀rá ń ṣe. Láti Ìbàdàn, a gba Abẹ́òkúta, a gba Ṣàngó, a já sí Agbára, ká má baà wọ Èkó. Ọmọ mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní òun fẹ́ máa ka ìdènà tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó kà á dé 27, oorun gbé e lọ. A sùn sí Àgbádárìgì.

Lọ́jọ́ kejì, a kọjá Ṣèmè. Àwọn ọmọ rò pé bí a bá ti kọjá ibodè, gbogbo nǹkan á yí padà, bóyá àwọ̀ ojú ọ̀run pàápàá. Obìnrin àkọ́kọ́ tó ta ẹ̀kọ fún wa, Yorùbá ló fi kí wa, ará Àjàṣẹ́ ni. Ojú Táíwò wálẹ̀. Ó ní, "Dádì, a ò tíì kúrò nílé kẹ̀." Àfìgbà tá a wọ Kútọnu, tó rí àwọn ọlọ́kadà tí gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, ló gbà pé a ti rin jìnnà.

Ibẹ̀ ni Màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nígbà tí lọ́rì gbé àwọn bọ̀ lọ́dún 1969, ní gbogbo ibodè ni dẹ́rẹ́bà máa ń pariwo pé, "Ẹ gbàdúrà, ẹ gbàdúrà!" Àwọn ọmọdé inú lọ́rì ò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Màámi dàgbà ló yé wọn. Ọwọ́ òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà wa mọ́tò ní Gáná nígbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Tógò àti Dahomey, ìyẹn Benin òní, tí wọ́n bá tún wọ Nàìjíríà, wọ́n á padà sọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, Gáná yí tiẹ̀ padà lọ́jọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ẹ wo dẹ́rẹ́bà tó ko ọgọ́ta èèyàn sẹ́yìn, tí kò sùn láti ọjọ́ méjì, tó tún ní láti rántí ọwọ́ tó yẹ kó gbà. Mo wo ọwọ́ mi lórí sítíárì, mo rọra dín eré kù.

Ìbejì ni páàsìpọ́ọ̀tù wa gan-an lọ́nà yìí o. Àwọn Fọn àtàwọn Ewé ò fi ìbejì ṣeré, bíi tiwa náà ni. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Grand-Popo, ní Aného, níbikíbi, àwọn ìyá ọlọ́jà á wá fọwọ́ kan wọ́n lórí, wọ́n á fi owó wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ wọn. Kí a tó dé Lómè, àwọn méjèèjì ti lówó CFA ju èmi lọ. Wọ́n sì ti ń jà nítorí bí wọ́n ṣe máa pín in.

Ṣùgbọ́n ìbejì yìí kan náà ló kó wa sí wàhálà. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibodè mẹ́ta tí a kọjá, èyí tí n kò ní í dárúkọ, àwọn ọmọ yìí ti pààrọ̀ páàsìpọ́ọ̀tù ara wọn láti fi ṣeré. Ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì pe Táíwò, Kẹ́hìndé dáhùn. Ó ní ìwé ayédèrú ni. Wákàtí méjì la fi dúró nínú oòrùn. Ohun tó ń wá yé mi, ó yé ẹ̀yin náà. Màámi ló gbà wá sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọkùnrin náà, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní àwọn ti kọjá níbí rí nígbà tí wọ́n lé àwọn bí ajá, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fojú àwọn rí mọ́. Hausa ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ Hausa, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fún wa níwèé wa.

Ní Lómè, àwọn ọmọ rí òkun wọn. Títì ńlá ìlú náà ń bá òkun lọ ni, ìyanrìn ló kàn wà láàárín. A jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n wọ inú omi torí ìgbì ibẹ̀ le, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi tọ́ ọ wò. Ìyá Ìbejì ní owó òun ti pé. Lójú tèmi, ká ní ibẹ̀ la ti padà, ìrìn àjò náà ti dára tó.

Láti Aflao, a wọ Gáná. Ní Sogakope, níbi afárá odò Volta, àwọn obìnrin gbé àbólò àti ẹja wá bá wa lójú fèrèsé. Akra ò fún wa láyè, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló fi gbogbo ọ̀sán jẹ. Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀. Ìyá Ìbejì wọ ṣọ́ọ̀bù kan láti ra ọṣẹ, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú fún un, wọ́n ní alata samina ló ń jẹ́. Samina ni ọṣẹ. Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá láti ayébáyé. Wọ́n lé èèyàn lọ, orúkọ rẹ̀ kù sára ọṣẹ! Màámi ra márùn-ún.

A sùn ní Kùmásì. Láti ibẹ̀ dé Tàmálè lé ní 370 kìlómítà, ọmọdé ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ kìlómítà. "Ṣé a ti dé?" Wọ́n béèrè ní Techiman. Wọ́n béèrè ní Kintampo. Fóònù kú, orin tán lẹ́nu, kúlíkúlí tán. Kẹ́hìndé tún bì. Igbó ńlá ti di ọ̀dàn, igi ẹmì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì bíi ti ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìgbẹ́tì. Ní Buipe, tí a tún kọjá odò Volta, Màámi tó ti ń sọ̀tàn láti ọjọ́ mẹ́rin dákẹ́. Ọmọ mi àgbà bi wọ́n pé, "Ìyá àgbà, ṣé ebi ń pa yín ni?" Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ojú ọ̀run ibí yìí ni àwọn ń wò.

Tàmálè ti di ìlú ńlá, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kún títì bí eéṣú. Igi dóńgóyárò nìkan ni Màámi mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Aboabo. Àgbàlagbà tí a bá rí, Màámi á kí i pé "Dasiba," yóò dáhùn pé "Naa," lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sí Hausa. Ìgbà tó di aago mọ́kànlá, bàbá kan tó ń ran fìlà sọ pé òun mọ ìdílé tí à ń béèrè. Ó dìde, ó síwájú wa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àyà mi ń já. Mo ti fi fóònù sípò fọ́tò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Màámi ṣe wí. Ilé náà ò sí mọ́. Wọ́n ti wó ti àtijọ́, wọ́n ti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, àgbàlá nìkan ló kù bó ṣe wà. Bàbá kan tó ti lé ní 70 jáde sí wa. Màámi dárúkọ bàbá wọn. Bàbá yìí ò sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó pẹ́, nígbà tó máa jáde, báàgì aláwọ ló gbé dání.

Ìwé ni. Wọ́n fi òyìnbó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́, irú èyí tí àwọn akọ̀wé ẹ̀bá ọjà máa ń kọ. Èmi ni mo kà á. Ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1969. Bàbá Màámi ló ta ilé náà pátápátá, 120 sídì, òǹtẹ̀ àtàǹpàkò wọn wà nísàlẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bàbá Dàgómbá yìí ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun lọ́jọ́ yẹn, òun wà níbẹ̀. Ó ní bàbá òun ò fẹ́ rà á, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun máa lọ, òun á bá a ṣọ́ ọ. Bàbá Màámi ló dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀, pé bí òun ò bá rówó lọ́rì, àwọn ọmọ òun á kú sójú ọ̀nà.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀, ẹnu mi ń wúwo. Mo rò pé Màámi máa sọ pé irọ́ ni. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n fi ìka kan òǹtẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Mo rí owó náà. Alẹ́ tó ku ọ̀la ká kúrò, Bàbá jókòó ti fìtílà, ó ń kà á. Mo bi í pé níbo lo ti rówó, ó ní èésú ni òun kó." Wọ́n tún dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Ọdún méjìlélógún ló fi parọ́ fún wa. Kí ojú má baà tì í lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni."

Ẹ má rò pé bàbá yẹn bínú sí wa nítorí pé à ń pè wọ́n lólè. Kò tiẹ̀ mọ̀, a ò sì sọ fún un. Ohun tó dùn ún ni pé nígbà tí bàbá òun kú lọ́dún 1987, òun fi iṣẹ́ rán oníṣòwò kan sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni ò wá, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Màámi ò mọ̀ nípa iṣẹ́ kankan. Ta ló mọ̀? Bóyá ó dé ọwọ́ bàbá wọn, bóyá kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Màámi kúnlẹ̀ tọ́rọ̀ àforíjì.

Ní gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, àwọn ìbejì ti wà nínú àgbàlá, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n ń pariwo bákan náà. Wọ́n gbé tuo zaafi wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ayòyó. Táíwò tọ́ ọ wò, ó kígbe pé, "Ewédú ni!" Ewédú náà ni.

Àbúrò bàbá yẹn dé láti oko, ó bá wa sọ Yorùbá, Yorùbá Agége gidi. Bírílà ló ń ṣe níbẹ̀ títí ìjọba Shehu Shagari fi ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé jáde, lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983. Ó ní òun náà wà lára àwọn tó há sí Kútọnu, torí ibodè Gáná àti Tógò tì pa nígbà náà. Ó ní nínú àpò yẹn ni òun kó gbogbo ayé òun sí. Ọmọ mi àgbà ní àpò wo? Ó ní "Ghana Must Go" kẹ̀. Àpò tó ti ń rí nílé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí kò mọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ìyá rẹ̀ àgbà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ lé ẹnì kejì?"

Màámi ní, "Àwọn ni." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n tiyín ló pọ̀ jù."

Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Màámi ra òrí tó kún garawa méjì, bí ẹni pé kò sí òrí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ti àbọ̀ wa, n kò ní í fi yọ yín lẹ́nu. Àpò ọ̀rá tán ní Kintampo, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo ìyókù.

Kí n tó kọ ìwé yìí, mo bi Màámi bóyá kí n fi ti ilé yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fi fóònù ṣàlàyé." Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Màámi tó wà ní Ìlọrin, àti àbúrò wọn tó wà ní Ìbàdàn, fótókọ́pì ìwé náà wà nínú àpótí Màámi, lábẹ́ àwọn ọṣẹ. Ẹ wá wò ó. Ẹ má mú lọ́yà dání. Bàbá Tàmálè ní kí n kí yín.